Òkúta Òṣùwọ̀n Tó Ń Jẹ Búrẹ́dì Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀. Ó kọjá lórí ìjàpá, ó ní kí bàbá arúgbó yẹn sinmi lálẹ́ òní. Ó kọjá lórí ọba, ó kọjá lórí olorì, kò bà lé wọn. Ó wá balẹ̀ gbì sí àárín àgbàlá kan tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù, lórí òṣùwọ̀n ńlá kan, lórí ọkùnrin kan tó dúró ṣánṣán lé òṣùwọ̀n náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Òkúta ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn irin: ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu. Àwọn ọlọ́mọlanke tó ń ṣa irin kiri á tì í wá, Òkúta á wọ̀n ọ́n, ilé-iṣẹ́ á rà á, wọ́n á tún lọ tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ohun tí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá sọ, abẹ gé e.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà ti dàgbà, ó sì ń gbàgbé nǹkan bí àgbàlagbà. Òkúta fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń rán an létí, bí òkúta tí wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n wò; ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní gbogbo òwúrọ̀ Mọ́ńdè, á gun òṣùwọ̀n, á kọjú sí géètì, á na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Kò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ wolẹ̀, kò gbọdọ̀ wúkọ́. Ìlà pupa kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sí ojú òṣùwọ̀n náà nígbà tó ṣì wà ní tuntun: ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí lọ́jọ́ tí Òkúta kọ́kọ́ gùn ún nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Onísípánà, á lọ sẹ́yìn, á yí nọ́ọ̀tì kan síwájú, á yí i sẹ́yìn, títí ọwọ́ òṣùwọ̀n á fi sùn sórí ìlà pupa. Á wá lọgun pé, "Ó ti jókòó!" Nígbà náà ni Òkúta á tó bojú wo ìlà rẹ̀, tí á sì sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń ti orí ìtẹ́ bọ̀.

Irin kún àgbàlá yẹn dé òrùlé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n irin wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà ló ṣe é. Ohun tí àgbàlagbà bá ti ṣe pẹ́, àṣà ló ń jẹ́, ẹni tó bá sì bi àṣà léèrè, wọ́n á ní ilé ni wọn ò ti kọ́ ọ.

Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Òkúta lọ́jọ́ tí wọ́n fa ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n àga tí kì í ṣófo àti ẹnu tí kì í sinmi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀sán bá pọ́n, odindi búrẹ́dì ló ń là sí méjì. Á fi bọ́tà kùn ún bí ẹni ń rẹ́ ògiri, á to ẹyin díndín sí i, á to sọ́séèjì lé ẹyin lórí, á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì wọ́n gba ọ̀fun lọ. Ikùn yọ. Àgbọ̀n di méjì. Ọrùn dágbére fún wọn nílé, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lọ́dọọdún ló ń tú ìdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, tó ń lẹ aṣọ mọ́ ọn.

"Olówó orí mi, ẹ ń sanra o."

"Ta ló ń sanra? Aṣọ ló ń sún kì. Òṣùwọ̀n ni ẹlẹ́rìí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gùn ún, mi ò kúrò lórí ìlà pupa rí."

Ẹ ti rí ọgbọ́n ibẹ̀, àbí? Bí ó bá sanra, ọwọ́ òṣùwọ̀n á kọjá ìlà. Onísípánà lẹ́yìn á fà á padà kó tó lọgun. Òkúta ò lè rí i, géètì lojú rẹ̀ wà. Onísípánà náà ò sì ronú sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọwọ́ òṣùwọ̀n jókòó, kì í ṣe kó bi í pé kí ló gbé e dìde. Báyìí ni ọkùnrin kan ṣe ń wú bí ìyẹ̀fun nínú ààrò, tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń búra pé kò wú. Ẹ dákẹ́ o, ẹ má sọ fún un.

Ọjọ́ kan ni orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí òṣùwọ̀n, èkejì ní òun ò bá a lọ. Ó di ilé ìwòsàn. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ò gba gbẹ̀rẹ́, fi rọ́bà di í lápá, ó fẹ́ ẹ, ó fajú ro.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru bí omi tí iná pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gun òṣùwọ̀n yìí."

Òkúta gùn ún. Ó wo ohun tó sọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ lọ pe ẹni tó ta èyí fún yín. Ó ti lù yín ní jìbìtì."

"Bàbá, ẹ dín ara yín kù kí ara yín tó dín ọjọ́ yín kù. Oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa di sáńwíìṣì fún yín láti ilé: búrẹ́dì àlìkámà méjì, kó fẹ́lẹ́, ewébẹ̀ kó pọ̀, igẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀, tàbí ẹyin sísè. Bọ́tà kó má fojú kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ jiyàn, ẹ má bá mi jiyàn. Ẹ lọ bá ikú jiyàn."

Ẹni tí kò gba òṣùwọ̀n gbọ́, ó gba ikú gbọ́. Ojora mú Òkúta. Ó fẹ́ràn bọ́tà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn èémí díẹ̀ jù bọ́tà lọ.

Láti ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọjú, Ìyá Abẹ́rẹ́ á ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á nu tábìlì. Bó ṣe ń gé aṣọ náà ló ṣe ń gé kùkúńbà: fẹ́lẹ́, ọgbọọgba, ojú kan ò nípọn ju ojú kejì lọ. Tòmátò, á gbọn omi rẹ̀ dànù kó má baà rẹ búrẹ́dì. Létúùsì, á nù ún gbẹ bí ojú ọmọ ìkókó. Dípò bọ́tà, á fi ìka tọ́ píà tó gún lé búrẹ́dì lórí, bíńtín báyìí, bí ẹni ń ra ìpara sí ètè. Á ya adìyẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á tò ó, á gé gbogbo rẹ̀ láti igun dé igun, á fi bébà wé e, á tẹ́ ẹ sínú ike pẹ̀lú ápù kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Òkúta ṣí ike náà, ó wò ó sókè, ó wò ó sódò.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ọ̀sán yín ni."

"Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Oúnjẹ gan-an ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn, bàbá wọn."

"Ìyá Abẹ́rẹ́, búrẹ́dì yìí fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí ọ láti ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ gbé e lọ. Bí ẹ bá rí mi nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má jẹ mí o."

Lẹ́nu iṣẹ́, abẹ́ páànù kan ni wọ́n ti ń jẹun, lórí àwọn ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n tú. Bí Òkúta ṣe tú bébà, ẹnu bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Onísípánà ní, ọ̀rá ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, "ta ló ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń jẹ ewé?"

"Ẹ má mí kanlẹ̀ o!" ẹlòmíì fèsì. "Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n á fò lọ!"

"Ewúrẹ́ ilé wa ń bèèrè yín. Ó ní ẹ ń jẹ ìpín òun."

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," Òkúta dá wọn lóhùn. "Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, sáńwíìṣì ni màá gbé wá."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ ń pariwo bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ó fara dà á. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, orúnkún dákẹ́ ẹjọ́ rírò. Ó ń gun òṣùwọ̀n láì di nǹkan mú. Ọrùn tó ti dágbére tẹ́lẹ̀ tún yọjú, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Inú rẹ̀ dùn títí di Mọ́ńdè.

"Ó ti jókòó!"

Ó bojú wo ìlà pupa. Orí ìlà náà ni ọwọ́ òṣùwọ̀n ṣì wà.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, bákan náà. Kò yẹ̀ fún ìwọ̀n fọ́nrán irun.

"Háà, ẹ̀gbọ́n," Onísípánà ní, ó ń nu ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yí nọ́ọ̀tì, "ewé yẹn mà wúwo o!"

Nílé, ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí aláàárẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ á gba ìdí rẹ̀ mọ́ra, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á tún gbà á mọ́ra.

"Ẹ ń fọn, olówó orí mi. Ọpẹ́ ni."

"Aṣọ yìí ló ń fẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń sún kì ńjọ́sí."

"Aṣọ tí kò níwà ni. Òṣùwọ̀n ò purọ́ fún mi rí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyí. Ẹni tó bá ti gba òṣùwọ̀n gbọ́ ju ìyàwó rẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ fura sí ìyàwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Òkúta ya sáńwíìṣì rẹ̀ sí méjì. Ó fi ìka ra búrẹ́dì, ó gbóòórùn ìka, ó gbé búrẹ́dì sókè sí oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá?"

"Bọ́tà."

Onísípánà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni mọ àṣírí ayé. "Ẹ ṣọ́ ilé o. Obìnrin mọ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́tà pa mọ́ síbi tí ojú ọkùnrin ò tó."

Ó délé nírọ̀lẹ́, kò bọ́ bàtà.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ibo lò ń fi bọ́tà sí?"

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ. "Bọ́tà wo?"

"Mò ń jẹ ewé bí eéṣú, òṣùwọ̀n ní mi ò dín. Ẹnìkan ló ń dà á rú, kì í sì í ṣe èmi."

"Èmi tí mò ń jí ṣáájú àkùkọ kí n lè nu létúùsì yín lójú? Èmi lẹ ń wá bọ́tà lọ́wọ́ mi?" Ohùn rẹ̀ ò ga, èyí tó burú jù nìyẹn. "Ó dáa. Bí ẹ ò bá fọn, ṣòkòtò yín ò nílò abẹ́rẹ́ mi. Ẹ má gbé e wá bá mi mọ́."

"Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìdájọ́! Bí òṣùwọ̀n bá tún sọ ohun kan náà, búrẹ́dì mi àtijọ́ ni mo padà sí!"

"Ẹ padà sí i. Èmi náà á lọ ra aṣọ dúdú, kí n ti máa rán aṣọ opó sílẹ̀. Iṣẹ́ kánjúkánjú ò dára."

Oúnjẹ tó ń gba ẹ̀mí ọkùnrin yìí là ló fẹ́ dà nù, àti ìyàwó tó ń dì í, nítorí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn lórí.

Kí n tó sọ ti Mọ́ńdè yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ní gbogbo ọdún tí Òkúta fi ń sanra, tí Onísípánà ń fa ọwọ́ òṣùwọ̀n sẹ́yìn, irin àwọn ọlọ́mọlanke ń fúyẹ́ níwájú wọn. Bí wọ́n bá ráhùn, ilé-iṣẹ́ á nàka sí ìlà pupa fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá kó irin kan náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ, òṣùwọ̀n tibẹ̀ á ní ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlékún yẹn, àwọn ọ̀gá ló ń jẹ ẹ́. Ìbùkún Ọlọ́run ni wọ́n pè é. Àfìgbà tí Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fọn tí ìbùkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awò, ní olè ti wọ àgbàlá.

Bó ṣe dé ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó dé, géètì ti ṣí, àwọn ọlọ́mọlanke ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dán òṣùwọ̀n yẹn wò lójú mi."

Òkúta gùn ún. Ó kọjú sí géètì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Onísípánà kó sẹ́yìn. Bí ọwọ́ Òkúta ṣe kúrò níbàdí, ṣòkòtò kan tí abẹ́rẹ́ ti kọ̀ láti gbà mọ́ra bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣòkòtò mi..."

"Má mira!"

"Mà, ó ń bọ̀ o..."

"Mo ní kó o má mira! Ṣé òṣùwọ̀n tó o bà jẹ́ ò tó ni?"

"Ó ti jókòó!" Onísípánà lọgun láti ẹ̀yìn.

"Ó ti jábọ́!" gbogbo ọlọ́mọlanke dáhùn.

Pátá tí Ìyá Abẹ́rẹ́ fi àjákù aṣọ rán ló kù lára Òkúta, òdòdó pupa, òdòdó àwọ̀ ewé. Ẹ̀rín gba àgbàlá. Àwọn kan di ọmọlanke mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ìyá Awò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ṣòkòtò nílẹ̀, ìdí rẹ̀ gba ènìyàn méjì. Ó wo ọwọ́ òṣùwọ̀n lórí ìlà pupa. Ó tún wo ṣòkòtò.

"Ṣòkòtò ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà."

"Ó bá ọ mu rí?"

"Ó fún mi pinpin lọ́dún tó kọjá, mà."

"Onísípánà! Kí lò ń yí lẹ́yìn yẹn?"

"Nọ́ọ̀tì ni, mà."

"Síbo?"

"Láyé ọjọ́sí, sẹ́yìn ni mo máa ń fà á. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ ewé, síwájú ni."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Òkúta dúró nínú òdòdó rẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì díẹ̀díẹ̀ bí egungun ẹja. Gbogbo ọdún tó fi búra. Gbogbo aṣọ tó ní ó ń sún kì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kò fi bọ́tà sí i."

"Kí lò ń sọ?"

"Ìyàwó mi, mà. Kò fi bọ́tà sí i rárá."

Ìyá Awò ò gbọ́ ti bọ́tà. Ìṣirò ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó yé e. "Òkúta, ìgbà wo ni ìbùkún wa pọ̀ jù?"

"Ó dà bíi pé... nígbà tí mo sanra jù, mà."

"Ó dáa. Láti òní, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa bọ́ ọ lọ́sàn-án. Odindi búrẹ́dì, bọ́tà, ẹyin, ohun tó bá wù ọ́. Padà sí bó o ṣe wà. Èrè wa ń bẹ nínú ikùn rẹ."

Kíá ni wọ́n ti lọ gbé búrẹ́dì dé, ó gbóná, bọ́tà ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fi ewúrẹ́ bú u ńjọ́sí ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ ẹ́ o. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni." Òkúta fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fi èkejì gba búrẹ́dì. Òórùn rẹ̀ gbá a lójú. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Àbí ta ló máa rí ọ̀gá tó pàṣẹ pé kí wọ́n sanra, tí á kọ̀?

Ṣùgbọ́n ike rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òṣùwọ̀n. Kò mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, nítorí òun àti ìyàwó ò bára wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ṣí ìdérí. Sáńwíìṣì wà níbẹ̀. Nínú ìbínú tí Ìyá Abẹ́rẹ́ wà, ó ṣì gé kùkúńbà náà ní ọgbọọgba, ó ṣì nu létúùsì lójú.

Òkúta gbé búrẹ́dì ọ̀gá sílẹ̀. Ó rìn lọ síbi òkìtì irin, ọwọ́ kan lórí ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ kejì fa jíà ọkọ̀ akẹ́rù kan jáde, ó wọ́ ọ dé orí òṣùwọ̀n.

"Mà, èyí kì í jẹ bọ́tà. Kì í sanra, kì í fọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí òṣùwọ̀n wọn wọ̀n ọ́n, kí a máa fi dán tiwa wò."

"Ta ló ní kó o ronú?" Ìyá Awò bi í.

Ó ti gbàgbé pé géètì ṣí sílẹ̀. Àwọn ọlọ́mọlanke ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikùn àti èrè yẹn látòkè délẹ̀. Ẹnìkan fi irin lu ọmọlanke rẹ̀, gbàgà. Ẹlòmíì gbà á. Kò pẹ́, gbogbo wọn ń lù ú, etí fẹ́ di. "Irin ni ká fi wọn irin! Irin ni ká fi wọn irin!"

Ìyá Awò yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn," ó ní, "kí Òkúta tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu."

Wọ́n fi ọmọlanke ti jíà lọ sí ilé ìwòsàn, ó bá àwọn aláìsàn tò. Nọ́ọ̀sì ní kí ló ń ṣe é. Onísípánà ní kò lè jẹun ni. Dókítà wọn jíà, ó wọn Òkúta náà, ó di rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, kò fajú ro mọ́. "Bàbá, ta ló ń tọ́jú yín?"

"Aránṣọ kan ni."

Nígbà tó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì di ìdí ṣòkòtò mú.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́ ti kí ni?"

"Bọ́tà ò sí níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣòkòtò."

Ìyá Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ gba ṣòkòtò. "Láti ọ̀la, ẹ̀yin lẹ ó máa gé kùkúńbà. Tèmi náà lẹ ó sì máa dì. Èmi náà ń fi ìdí jókòó ṣiṣẹ́ látàárọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, kùkúńbà Òkúta, ọ̀kan nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, èkejì dà bí òwú aláǹtakùn. Ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́ níwájú ẹ̀rọ. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn ọwọ́, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú.

"Ó dùn o. Àbí ẹ fi bọ́tà sí i?"

Jíà náà ni wọ́n wá ń pè ní Òkúta báyìí. Ọkùnrin wa, Ṣòkòtò ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ìyá Awò lọ sọ fún àwọn tó ju òun lọ pé òun lòun ronú kan jíà, wọ́n fún un ní àga tuntun. Àwọn ọlọ́mọlanke ń gba ìwọ̀n wọn pé, ó kéré tán títí àwọn àgbà á fi wá àṣà mìíràn dá.

Ibi tí àlọ́ mi bà lé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí òṣùwọ̀n mi má jókòó. Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbọn ẹní, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín, ẹ lọ sùn. Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, di ṣòkòtò rẹ mú.